Ẹ̀rọ Ìjẹ́wọ́ Òkè-Ìyanrìn

Petironíla kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ tó ń gba ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà Òkè-Ìyanrìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ rẹ̀ jẹ́wọ́ níbẹ̀. Kó tó ka àdúrà ìrònúpìwàdà tán, ọlọ́pàá ti dé.

Ẹ̀rọ náà ní, "Ọmọ mi, kí lẹ̀ṣẹ̀ rẹ?"

"Olófòófó, ta lọmọ ẹ? Fadá tó bá gbọ́ tó sì pa á mọ́ra ló lè pè mí lọ́mọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo wá jẹ́wọ́, mi ò tíì dá a."

Ó fa òòlù yọ nínú báàgì, òòlù tí bàbá bàbá rẹ̀ fi kan àga ṣọ́ọ̀ṣì náà lẹ́yìn ogun.

"Mo ti ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá," ni ẹ̀rọ náà wí.

"Kí wọ́n máa bọ̀. Wọn ò ní bá ẹ láàyè."