Ojú Àgbàrá Tí Ìbítáyọ̀ Dí

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ mọ ibi tí omi balùwẹ̀ yín ń gbà jáde? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, nítorí ìparí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Láyé àwọn baba ńlá wa ni, kí òyìnbó tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé ìgbà náà kò rí bíi tiwa. Àwọn yàrá ló yí àgbàlá ká, gbogbo òrùlé sì dà kọ àárín. Bí òjò bá rọ̀, àgbàlá ni gbogbo omi ń dà sí. Ihò kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ògiri tí omi fi ń lọ sẹ́yìn ilé. Ojú àgbàrá ni wọ́n ń pè é.

1.
Nílé Fátókí, ìyàwó tó bá kéré jù ló ń kó ẹrẹ̀ ojú àgbàrá, títí wọn yóò fi gbé òmíràn wọlé. Ìbítáyọ̀ ló kéré jù. Ahunṣọ ni, aṣọ rẹ̀ sì dára débi pé àwọn ìyàwó olóyè ń wá a wá sílé. Ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ síbi ẹrẹ̀ yẹn báyìí, Ọmọ́ṣaléwá, ìyálé rẹ̀, á dúró tì í:

“Ìyàwó, aró ló dé ọ ní ìgbọ̀nwọ́ yẹn ni, àbí ẹrẹ̀?”

Ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Ìbítáyọ̀ wọnú eegun. Ó ní òun kò tún ní ti ọwọ́ bọ ihò yẹn mọ́ láyé òun.

2.
Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó gba àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó kọ́ balùwẹ̀ sí igun àgbàlá, lórí ojú àgbàrá gan-an. Ó fi òkúta pẹlẹbẹ bo ihò náà. Ó fọ́ ìkòkò, ó to àpáàdì wọn ní ìdúró sílẹ̀ balùwẹ̀ náà, ó fi amọ̀ dè wọ́n pinpin. Ó fi omi aró kun ògiri àti ilẹ̀ títí wọ́n fi ń dán. Ihò kékeré bí ẹnu kèrègbè ló dá sí i fún omi ìwẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀, arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, rọra rìn wá wò ó. Yàrá rẹ̀ ló fara ti balùwẹ̀ náà.

“Ó dára o, ọmọ mi. Omi òjò ńkọ́?”

“Ihò wà níbẹ̀, Ìyá.”

“Ihò yìí? Omi ìwẹ̀ èmi arúgbó nìkan ló lè gbà, kì í ṣe omi odidi òrùlé.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, màá ṣí ti àtijọ́ padà.”

“O ṣèlérí?”

“Mo ṣèlérí.”

3.
Òjò bẹ̀rẹ̀. Ìbítáyọ̀ mú ọkọ́, ó wo ilẹ̀ rẹ̀ tó ń dán, ó gbé ọkọ́ padà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ayépé ń bọ̀ wá wo balùwẹ̀ náà. Bó bá fọ́ ọ, kí ni yóò fi hàn wọ́n?

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lágbàlá. Ìdí ògiri ń rọ̀.

“Ìyàwó,” ni Ọmọ́ṣaléwá wí, “omi yìí ò lọ mọ́ o.”

“Ṣebí ẹ fẹ́ràn ẹrẹ̀, ìyálé mi? Mo fi ta yín lọ́rẹ.”

Bí Ìyá bá bèèrè, á ní, “Lẹ́yìn àlejò, Ìyá.” Bẹ́ẹ̀, oorun ò kùn ún mọ́. Bó bá fọ́ ilẹ̀, ìyálé á rẹ́rìn-ín. Bí kò bá fọ́ ọ, omi ò lọ. Àárín méjèèjì ló há sí.

4.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ọkùnrin wà lóko, òjò ńlá dé. Omi kún àgbàlá, ó wọ yàrá Ìyá. Ìbítáyọ̀ àti Ọmọ́ṣaléwá sáré lọ gbé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ògiri ya, ó wó dí ẹnu ọ̀nà. Yàrá ìgbà náà kò ní fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń wa amọ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń ya lulẹ̀. Omi nìkan ló rí ọ̀nà wọlé.

“Ìyá! Ẹ dìde dúró!”

“Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Ó ti dé mi láyà. Ìbítáyọ̀, ṣé o ti ṣí i?”

Ìbítáyọ̀ ki ọkọ́ mọ́lẹ̀. Omi ti bo balùwẹ̀, kò rí ibi tí òkúta wà. Àpáàdì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè kọ̀, kò tú. Ọmọ́ṣaléwá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi èékánná họ ọ́.

“Wà á, ìyàwó! Wà á!”

“Ṣé o ti ṣí i?” Ohùn náà ti lọ sílẹ̀.

“Mo ń ṣí i, Ìyá! Mo ń ṣí i!”

Nígbà tí òkúta yẹ̀, omi ké ramúramù, ó sì wọ́ lọ.

“Mo ti ṣí i, Ìyá!”

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Àwọn àlejò Ayépé dé lóòótọ́. Òkú ni wọ́n bá nílẹ̀. Fátókí kò na ìyàwó rẹ̀, kò bú u. Ó kàn ní kí ẹnikẹ́ni má kó àfọ́kù àpáàdì yẹn kúrò, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa rí i. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó wá ra aṣọ lọ́wọ́ Ìbítáyọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi táìlì dídán sí balùwẹ̀ lónìí, tí ẹ ń da kọnkéré bo gọ́tà kí ojú ilé lè fani mọ́ra, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí omi máa gbà. Ẹ má sì tìtorí ẹ̀rín ẹnìkan fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wéwu. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún ilé ṣe. Àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un.

Ní ti Ìbítáyọ̀, wọ́n gbé ìyàwó mìíràn wọlé lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ẹrẹ̀ sì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti ṣú, á mú ọkọ́, á bẹ̀rẹ̀, á kó ojú àgbàrá títí yóò fi mọ́ tónítóní. Nígbà náà ni yóò kọjú sí ògiri yàrá tó ṣófo náà, á ní:

“Ìyá, mo ti ṣí i o.”