Akọni Tó Padà sí Ọjọ́ Odò

Ọmọ ọdún méje ni Àsàbí, àbúrò Dúródọlá, nígbà tí odò gbé e lọ. Nígbà tí Dúródọlá di ayàwòrán, ó rán akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán rẹ̀, ọkùnrin alágbára tó máa ń padà sí ìgbà àtijọ́, lọ sí ọjọ́ náà.

Bó ṣe ya àwòrán ibi tí akọni ti fa ọmọ náà jáde lómi, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi ń kán tó, tó. Òun nìkan ló sì wà nílé.

"Ta nìyẹn?"

"Àsàbí ni, bùọ̀dá mi. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Omijé bọ́ lójú Dúródọlá. Ó sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin yìí kó fi mí sílẹ̀."

Dúródọlá fà sẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀.