Dídán àti Táyà Inú

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ibi tí ojú ọ̀gá bá dé ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń parí sí. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó máa ń tètè débi iṣẹ́, ó sì lágbára. Ṣekárími ni àìsàn tó ń ṣe é. Táyà tírélà ló ń tọ́jú nínú ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń kó òkúta. Ó máa ń fi òróró dúdú pa táyà lára títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, ni àwọn awakọ̀ bá sọ ọ́ ní Dídán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn awakọ̀ náà. Òun ló tọ́ Dídán dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú, òun náà ló bẹ ọ̀gá títí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Kì í yẹ táyà wò kó tó gbéra. Á ní, “Àbúrò mi ti wò ó,” ó parí.

Méjì méjì ni táyà ẹ̀yìn tírélà: ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní fáàfù, ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáàfù sì ní ìdérí tí kò ju èékánná lọ. Ti ìta kò ṣòro. Ti inú, àfi kéèyàn kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kó ki ọwọ́ bọ àárín táyà méjèèjì. Dídán kórìíra ìkúnlẹ̀ yẹn bí nǹkan míì. Nígbà tí ìdérí táyà ìta sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tì í láti sọ fún ọ̀gá. Ọjọ́ yẹn ló wá kúnlẹ̀. Ó tú ìdérí táyà inú, ó fi dé ti ìta.

Mẹkáníìkì ọgbà náà rí i.

“Dídán, ìdérí yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Iyanrìn á wọ ẹnu fáàfù, kò ní lè pa dé mọ́, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde.”

“Ẹ̀yin náà ẹ! Bí aṣọ òkè bá ti ń dán, ta ló ń bi èèyàn bóyá àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ ya?”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń wa ọkọ̀ yìí.”

“Mo gbọ́. Màá wá ìdérí míì sí i.”

Kò wá a. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀gá káwọ́ sẹ́yìn, ó rìn yí ọgbà ká, ó yin Dídán lójú gbogbo èèyàn, láti ìgbà náà ni Dídán kò ti fọwọ́ kan táyà inú mọ́. Eruku òkúta ń bà lé ohun gbogbo. Ó wọ fáàfù. Afẹ́fẹ́ ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láìpariwo, táyà ìta sì dúró gírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó fura.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀.

“Àbúrò, ọkọ̀ yìí ń fà sápá kan lánàá. Ṣé o wo táyà inú?”

Ọ̀gá ń mú àlejò bọ̀. Dídán ti wọ aṣọ tó mọ́.

“Mo ti wò ó, ẹ̀gbọ́n.”

“Dáadáa?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè purọ́ fún yín ni?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ṣáná sọ́kọ̀.  Dídán tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé ẹnu géètì, ó la ẹnu láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ọ̀gá bá pe òun alára. Ó pa dà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lójú ìdagẹ̀rẹ̀, táyà inú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín kù gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín lábẹ́ ẹrù òkúta. Ẹ̀gbọ́n rí i nínú dígí, ó rọra dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ohun tí àbúrò rẹ̀ ní òun ti wò. Táyà náà bẹ́ mọ́ ọn lójú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀gá béèrè bóyá afẹ́fẹ́ táyà náà ni kò tó.

“Kò lè jẹ́ afẹ́fẹ́, ọ̀gá. Àbúrò mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá èmi ni mo tẹ bíréèkì jù.”

 Mẹkáníìkì la àtẹ́lẹwọ́. Fáàfù táyà inú ló wà níbẹ̀, kò ní ìdérí, iyanrìn há sí i lẹ́nu. Gbogbo wọn yíjú sí Dídán.

“Kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Àbúrò, kí ni wọ́n ń wò?”

Dídán fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ ni eérú yìí kọ́kọ́ bọ́ sí.

Wọ́n lé Dídán níbi iṣẹ́, kò sì sí ọgbà ọkọ̀ tó gbà á mọ́. Ó kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ń dáná, ó ń fà á lọ́wọ́ rìn. Ẹ̀gbọ́n kò ṣépè, kò sì lé e jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó béèrè pé, “Ṣé o ti pa sítóòfù?”

“Mo ti pa á, ẹ̀gbọ́n.”

Afọ́jú náà dìde. Ó fọwọ́ tẹ̀lé ògiri títí ó fi dé ilé ìdáná, ó na àtẹ́lẹwọ́ sórí sítóòfù. Iná ti kú lóòótọ́. Ó tún fọwọ́ tẹ̀lé ògiri pa dà síbi ìjókòó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe sí gbogbo ohun tí Dídán bá sọ, títí dòní.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ yòówù kí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò ni kí o ti kọ́kọ́ ṣe é dáadáa. Má sọ pé “mo ti wò ó” nígbà tí o kò wò ó, pàápàá fún ẹni tó fọkàn tán ọ, torí irú wọn kì í yẹ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá sì ti purọ́, sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà, kí o pariwo, ojú ì báà tì ọ́. Ìtìjú a máa tán. Ojú tó fọ́ kì í là mọ́.