Ẹlẹ́rìí Nọ́ọ̀sì

Ẹ tẹ́tí, ẹ ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fájuyì.

Nọ́ọ̀sì kan ń fi gèlè di ẹsẹ̀ géńdé tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọlu ọkọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ń sunkún: "Òun ló yà síwájú mi."

"Ṣé èèrà ló tẹ erin mọ́lẹ̀ ni?" làwọn èrò ń bi í.

Ọlọ́pàá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Màdáàmù, bí ẹ ò bá ní ẹlẹ́rìí, àtìmọ́lé yá."

Bàbá arúgbó kan là wọ́n láàárín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Géńdé yìí ló jẹ̀bi. Láti àná ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ yìí ti já."

"Ta ló sọ fún yín, Bàbá?"

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí géńdé náà lé itan. "Àbígbẹ̀yìn mi ni."

Nọ́ọ̀sì náà ló sọ ọ́ fún mi l'Ókè-Ìlá, níbi tó ti ń wẹ egbò ọmọ bàbá náà.