Kọ̀ǹpútà Tó Ti Onílé Síta

Ẹnì kan ti fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà Tadala, olùkọ́ ní ìlú Zomba.

Ojú ẹni tó ni ín nìkan ló ń ṣí fún báyìí. Tadala gbé ojú síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ náà kọ̀.

Ìbéèrè ìdánwò òwúrọ̀ yìí sì wà nínú rẹ̀!

"Àlejò wo ló ń ti onílé síta? Bàbá Yankho, ẹ̀yin ni?"

"Èmi kọ́ o!" ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ìyá ọkọ ń rẹ́rìn-ín nídìí nsima, òkèlè àgbàdo rẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Èmi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ, kó lè fi wọ́n ṣẹ̀sín dáadáa.

Kọ̀ǹpútà ṣí wàá. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ń ta ayò mi nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́ lánàá, ló bá ń bẹ̀ mí pé kí n gba ètò tuntun, kí n sì fi ojú mi hàn án. Ta ló tún ń bẹ̀ mí nínú ilé yìí?"