Télọ̀ Tí Kò Fẹ́ Kí Oṣù Lé

Ọ̀gá télọ̀ ń ṣínu lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ nígbà tí ariwo ta pé oṣù ti lé, ààwẹ̀ ti parí. Ó fajú ro.

“Ta ló rí i?”

“Gbogbo ayé,” ni Alhaja Ṣífáwù, oníbàárà rẹ̀ tó ń yẹ aṣọ kan wò, dáhùn. “Àbí ẹ ò tíì rán aṣọ ọdún mi tán?”

“Òun ló wà lọ́wọ́ yín yẹn.”

Ṣáájú ààwẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá máa ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, torí àwọn oníbàárà kì í jẹ́ kó ráyè. Ṣùgbọ́n oníbàárà wo ló fẹ́ da aláàwẹ̀ tó ń ṣínu láàmú? Lánàá, Alhaja yìí kan náà ló ní, “Ẹ rọra jẹun, iṣẹ́ ò sá lọ.”

Ó tún nawọ́ sí mọ́ínmọ́ín. Alhaja rọra sún abọ́ náà sẹ́yìn.

“Ààwẹ̀ ṣáà ti tán. Ẹ bá mi gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ yìí wọlé ná.”