Kọ̀mpútà Tí Kì í Fa Iná Púpọ̀

Kọ̀mpútà ńlá tó wà ní pálọ̀ Olúrótìmí ní Riverdale Park ní Amẹ́ríkà ń fa iná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ túnu ààwẹ̀. Bátìrì tó rà fún un kò lè gbé e ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì mú iná lọ fún odidi ọjọ́ kan, Màmá tó wà ní Ìbàdàn kò sì gbúròó Modúpẹ́ ọmọ wọn. Olúrótìmí kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí Modúpẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti kú. Àrùn kíndìnrín tí wọ́n mọ̀ nílé pé ó ń bá a jà ló pa á. Ṣùgbọ́n wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, pàápàá ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Olúrótìmí kó gbogbo ohùn ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí fóònù jọ sínú kọ̀mpútà, kọ̀mpútà náà ló sì ń fi ohùn Modúpẹ́ kí Màmá láràárọ̀ lórí WhatsApp, tó ń fèsì ohun tí wọ́n bá sọ. Kò jẹ́ kí Olúsọjí pàápàá mọ̀, àbúrò Modúpẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá. Olúsọjí kò lè pa irú àṣírí bẹ́ẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú u.

Fọláhàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀mpútà, tó bá a ṣètò ohùn náà, bá a wá kọ̀mpútà mìíràn.

“Ẹ̀gbọ́n, mini PC lẹ máa rà. Thirty watts péré ni. Battery yín á gbé e títí ilẹ̀ á fi ṣú.” Ó tún fi kún un pé: “But ẹ sọ òótọ́ fún Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a.”

“Tí mo bá sọ ọ́, Màmá á kú. Á wá di òkú méjì.”

Ó ra èyí tó kéré náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn Modúpẹ́ tún kí Màmá, èsì sì dé lójú ẹsẹ̀. Màmá kò bínú rárá nítorí ọjọ́ tí wọn kò gbúròó rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n ní ẹ̀mí Modúpẹ́ á gùn. Ó ti pẹ́ tí Màmá kò ti béèrè fún fídíò mọ́, wọ́n ní ojú ń dun àwọn, Olúrótìmí sì ti dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó jókòó, ó sunkún. Kò rí ọ̀nà àbáyọ kankan: bí Màmá bá ṣe pẹ́ láyé tó ni irọ́ náà yóò ṣe gùn tó.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Olúsọjí pè é. Ó ní kọ̀mpútà òun ń fa iná jù, inverter kò gbé e mọ́, NEPA kò sì mú iná wá. Ó ní bóyá Bùọ̀dá mọ èyí tó lè wà ní títàn tọ̀sán-tòru. Inú Olúrótìmí dùn pé òun rí ohun kan ṣe fún àna òun láìparọ́. Ó ra irú tirẹ̀ gan-an, ó lọ gbé e fún ẹnì kan tó ń lọ sí Nàìjíríà, tí wọ́n pàdé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin New Carrollton.

Nígbà tí kọ̀mpútà náà dé Ìbàdàn, Olúsọjí so ó mọ́ inverter, ó sì kó ohùn Màmá, ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti sin láti ọdún tó kọjá, kúrò nínú ti àtijọ́ sínú rẹ̀, kí ìròyìn ikú wọn má baà mú àìsàn Modúpẹ́ ní Amẹ́ríkà le sí i.